Harobanda: Ọgbà ẹ̀fọ́ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólúwa

Odò tí Yorùbá ń pè ní Odò Ọya ló pín Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, sí méjì. Apá òsì odò ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú náà wà. Apá ọ̀tún ni Harobanda, orúkọ tó túmọ̀ sí "ẹ̀yìn omi" ní èdè Zarma. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Abdou Moumouni wà, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí ẹ̀fọ́ tí ará ìlú ń jẹ ti ń wá.

Ẹni tó bá gba etídò náà kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí ebè lẹ́túùsì, kábéèjì, tòmátò, àlùbọ́sà àti ewé móríńgà tí àwọn Zarma ń pè ní kopto. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ àkùrọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ òkè bá gbẹ, ilẹ̀ etí omi ni àgbẹ̀ ń sá lọ.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ àfikún fún àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́ jẹ́ òpómúléró ní Niamey. Òjò ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 550 lọ lọ́dún, láàárín oṣù mẹ́rin péré. Ẹni tó gbin jéró tàbí ọkà bàbà yóò kórè lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi èyí tó rí kó gbọ́ bùkátà ọdún kan gbáko. Ẹni tó ní ebè létídò lè kórè lẹ́túùsì láàárín oṣù méjì, kó tà á, kó sì tún gbin òmíràn. Ilẹ̀ rẹ̀ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Owó yìí ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ nígbà tí àká bá ti ṣófo, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé. Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ló ń jẹ níbẹ̀: ẹni tó ń ru ẹrù, obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, gbogbo wọn ló ń jẹ lára ebè kan náà.

Ohun tó ń halẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Afárá Kennedy ló kọ́kọ́ so Harobanda mọ́ ìlú ní 1970. Èkejì, tí orílẹ̀-èdè China kọ́wọ́ tì, dé ní 2011, ẹ̀kẹta sì dé ní 2021. Afárá dára, nítorí ẹ̀fọ́ tètè ń dé ọjà kó tó rọ. Ṣùgbọ́n afárá kan náà ló ń gbé ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ìkọ́lé wá. Tí ẹni yìí bá dé tòun ti owó, kí ni àgbẹ̀ tó ń ro ilẹ̀ ọlọ́ilẹ̀ láìní ìwé kankan lọ́wọ́ yóò sọ?

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Láti 1993 ni Niger ti ní òfin tí wọ́n ń pè ní Code Rural. Òfin náà sọ pé ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní sí ilẹ̀ nípasẹ̀ àṣà àti èyí tó ní nípasẹ̀ ìwé ìjọba, ọgbọọgba ni ààbò wọn. Ó sì dá àwọn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n lo òfin náà ní etí ìlú bí wọ́n ṣe ń lò ó lóko: kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń ro ebè sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, kí wọ́n sì fi àmì ọgbà sórí àwòrán ìlú, kó má baà dà bí ilẹ̀ òfìfo lójú ẹni tó ń wá ibi tí yóò kọ́ ilé sí.

Àwọn kan yóò ní etídò léwu, pé omi máa ń gbé e. Òótọ́ ni. Odò náà ya wọ Harobanda ní 2012. Ní 2020, ó tún kún dé nǹkan bíi mítà 7, omi borí ìdènà tí wọ́n mọ, ilé alámọ̀ sì wó lulẹ̀ ní àdúgbò bíi Kirkissoye àti Lamordé. Àmọ́ ẹ̀rí yìí gan-an ló gbe ọgbà. Ebè tí omi bàjẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n lè tún un kọ nígbà tí omi bá fà. Ilé tó wó mọ́ ẹrù àti ẹ̀mí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí odò máa ń padà wá bẹ̀ wò, ẹ̀fọ́ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ògiri.

Àwọn tó ń ṣàníyàn nípa omi ìdọ̀tí àti oògùn apakòkòrò náà kò jayò pa. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi omi gọ́tà rin lè di àìsàn fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Abdou Moumouni wà ní Harobanda níbẹ̀. Kò yẹ kí ìmọ̀ wà nítòsí bẹ́ẹ̀ kí àgbẹ̀ sì máa fi ojú díwọ̀n oògùn.

Ọ̀rọ̀ ọjà náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Keje 2023, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè, títí di oṣù Kejì 2024 kí wọ́n tó mú ìjìyà náà kúrò. Ẹni tó ń kó àlùbọ́sà gba Benin tàbí Nàìjíríà mọ ohun tí ọkọ̀ tó dúró sójú kan ń ṣe fún irè oko. Ẹ̀fọ́ kì í dúró de olóṣèlú. Nítorí náà, ibi ìkẹ́rùsí tó tutù àti owó yíyá tí èlé rẹ̀ kò ga ju agbára àgbẹ̀ lọ ṣe pàtàkì bí omi ṣe ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ Harobanda kò jìnnà sílé. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ àkùrọ̀ ni wọ́n ti da yanrìn sí láti kọ́ ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bèèrè ìdí tí omi fi ń wọ yàrá, tí ẹ̀fọ́ sì fi ń gbówó lórí. Niamey ṣì ní ààyè láti yan ọ̀nà mìíràn. Odò Ọya yóò tún kún lọ́jọ́ kan. Ohun tí yóò bá létídò, ebè ni àbí ilé, ọwọ́ àwọn tó ń pín ilẹ̀ lónìí ló wà.