Ọ̀wẹ̀ fún Ilé-Ẹ̀kọ́

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, tí àwọn ọmọ Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì tún gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, ọ̀rọ̀ kan ni àwọn òbí máa ń sọ: bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ta ni yóò tún àga ṣe?

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955. Nígbà tí owó ìdá tún yọjú ní Èkìtì, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fagi lé e ní 2018. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò lé ọmọ tálákà sílé nítorí ẹgbẹ̀rún náírà? Ṣùgbọ́n òfin kì í kan ìṣó mọ́ òrùlé.

Ọ̀wẹ̀ ni àwọn baba Èkìtì ń bẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní pákó a mú un wá, gbẹ́nàgbẹ́nà a gbé òòlù, àwọn ìyá a gún iyán. Kò sí ẹni tó ń bu owó lé ọmọdé lórí.

Kí ọ̀wẹ̀ má ṣe di àwáwí fún ìjọba, ṣá o. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 ní kí ìpínlẹ̀ kó owó tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gba ti Àbújá. Bí ará àdúgbò bá ń kan àga lọ́wọ́, kí àwọn ìjòyè máa bi àwọn aṣòfin léèrè: ẹ ti kó tiyín sílẹ̀ bí?