Ẹ Jẹ́ Kí Aboyún Sọ Òótọ́ Kí Wọ́n Tó Kùn Ún Lóorun



Bí aboyún bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó fẹ́ kùn ún lóorun yóò bi í pé, "Oògùn wo lẹ ń lò?" Ìyá ọkọ dúró lápá ọ̀tún, ọkọ dúró lápá òsì. Kí lẹ fẹ́ kí ó sọ? "Mi ò lo nǹkan kan" ni yóò sọ.

Irọ́ yẹn lè pa á. Kokéènì àti ice, tí àwọn kan ń pè ní mkpuru mmiri, máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, ọkàn á sì máa sáré. Dókítà lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru oyún lásán ni. Wọ́n lè mú kí ibi ọmọ já kí àkókò tó tó, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Bí wọ́n bá kùn ún lóorun pátápátá, tí wọ́n ń ki rọ́bà ìmí sí i lọ́fun, ìfúnpá náà lè fò sókè sí i. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ìfúnpá lè já wálẹ̀ lójijì, ephedrine tí wọ́n sábà fi ń gbé e sókè sì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹni tó ti ń lo oògùn wọ̀nyí tipẹ́. Bí dókítà bá mọ òótọ́, oògùn mìíràn ni yóò mú dání.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ìta ni. Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn nílòkulò ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Igbó àti oògùn ìrora bíi tramadol ló pọ̀ jù níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú mẹ́rin wọn, obìnrin ni ọ̀kan.

Mi ò ní ká yìn wọ́n. Àmọ́ a kì í fi ète sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ìtìjú ni làpálàpá. Ikú ìyá àtọmọ ni ète. Ìbáwí lè dúró dìgbà tó bá bímọ tán.

Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó síta. Nínú ìpàdé yín, ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n ti sọ ọ́ níbi ìforúkọsílẹ̀ oyún: ohun tí wọ́n lò, àti ìgbà tí wọ́n lò ó gbẹ̀yìn. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́ láṣìírí, àyàfi níbi tí òfin bá là sílẹ̀.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.