Ìwé Ìròyìn Kì Í Ṣe Pátákó Ìkéde

Ẹ̀yin ará, àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí ìjọba fi ń fún ìwé ìròyìn elédè abínibí lówó ní Amẹ́ríkà, ṣé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni? Ẹ dá wọn lóhùn. Ní March 16, 2021, ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn 8 ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀. 6 nínú wọn jẹ́ obìnrin ìran Éṣíà. Àwọn oníròyìn èdè Korea wá àwọn tó ṣojú wọn lọ, wọ́n sì fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀. Bí àwọn ìwé náà bá ti kógbá sílé ńkọ́?

Lọ́dún yẹn kan náà, California ya owó tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là sọ́tọ̀ láti gbógun ti ìkórìíra. Àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí náà rí ìrànwọ́ gbà láti ọwọ́ ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọdún 3 péré ni wọ́n ṣètò owó ọ̀hún fún, àwa tí a sì ń ṣiṣẹ́ ọba mọ̀ pé ọjọ́ tí owó bá tán ni fáìlì ń wọ àpótí.

Láti 2023 ni ìlà tẹlifóònù CA vs Hate ti ń gba ìpè ní èdè tó lé ní 200, láì béèrè orúkọ ẹni. Ta ni yóò sọ fún ìyá àgbà tó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, bí kò ṣe ìwé tó ń kà nílé? Síbẹ̀, kí wọ́n má kàn sanwó kí a tẹ nọ́ńbà. Oníròyìn gbọ́dọ̀ lè béèrè ìdí tí ọlọ́pàá fi da ẹjọ́ ìyá náà nù, ìjọba ì báà máa sanwó.

Ẹ̀yin ará wa ní California, bí aṣòfin yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í: owó oṣù oníròyìn mélòó ló wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀?