Ta Ni Yóò Fọ Ìkòkò?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti ka gbogbo ewì tí ẹ kọ nípa ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ wa. Wọ́n dùn. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, òkè wà níbẹ̀, dòdò Ìkirè pàápàá rí ìlà méjì gbà. Ìkòkò nìkan ni kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo fọ̀ ọ́ ló fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Tó bá sì wù yín, ẹ bínú.

Àwa mọ́kànlá la gun kẹ̀kẹ́ láti inú ọgbà lọ sí Abẹ́òkúta, ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Òòrùn kan náà ló pa wá ní Gbọ̀ngán, tírélà kan náà ló da eruku bò wá, ìdí gbogbo wa ló bó. (Ẹni tó bá ní ìdí òun kò bó, irọ́ ló ń pa.) Àmọ́ nígbà tí a dé Ìkirè lálẹ́ ọjọ́ kìíní, tí wọ́n yá wa ní kíláàsì kan láti sùn, àwọn arákùnrin bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan wá bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọge, kí la máa jẹ?"

Kí la máa jẹ kẹ̀! Ṣé orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń se ọbẹ̀ bọ̀ ni?

A dáná. Sítóòfù kan, ìkòkò kan, ẹnu mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì la se ìrẹsì, torí ìkòkò kò gbà á lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó jẹun tán, aago mẹ́wàá ti lù. Ní aago márùn-ún ìdájí, àwọn kan ń pọ́ǹpù táyà, àwọn kan ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, àwa sì ń fi iyanrìn ha ìdí ìkòkò. Wọ́n gbéra, a ṣì ń wá ìdérí. Etí omi Àsejírè la ti tó bá wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: "A ti wí i, obìnrin máa ń fa èèyàn sẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù. Ẹ kó iṣẹ́ alẹ́ àti ti ìdájí lé wa lórí, ẹ gba oorun ojú wa, ẹ wá fi àárẹ̀ wa ṣe ẹ̀rí pé a ò lágbára!

Nígbà tí mo fà á yọ ní Ọmì-Adió lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀gá wa ní àṣà Yorùbá ni. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá ló ń sọ ọ́ fún o! Àṣà wo? Ọdẹ tó wọ igbó tí kò tètè bọ̀, ṣé ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e lọ yan ẹran ni? Àwọn àgbẹ̀ tó ń bára wọn dá àáró ńkọ́? Bí wọ́n bá ro oko tèmi lónìí, tìrẹ ló kàn lọ́la. Kò sí ẹni tó ń ro ti ẹlòmíràn tí kì í kan tirẹ̀ láé. Ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ kò jọ ilé ọkọ rárá, àáró ló jọ.

Ẹlòmíràn ní èrò òyìnbó ni mò ń tẹ̀ lé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Tour d'Afrique, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ láti Cairo dé Cape Town, nǹkan bíi kìlómítà 12,000. Alásè wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá wọn lọ. Àwọn yẹn mọ̀ pé iṣẹ́ ni oúnjẹ sísè. Tiwa ni wọ́n sọ di ẹ̀bùn àbímọ́ni.

A dé Abẹ́òkúta. A ya fọ́tò lẹ́sẹ̀ Olúmọ. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ìka mi dúdú. Ìlú tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti kó àwọn obìnrin jọ títí Aláké fi gbé oyè sílẹ̀ ní 1949, ibẹ̀ náà ni ẹnì kan ti bi mí pé ta ló máa te ẹ̀bà. Mo na ìkòkò sí i. Ó wò mí bí ẹni tí mo na ejò sí.

Mo gbọ́ pé ìrìn-àjò mìíràn ń bọ̀. Mo ń lọ o, ẹ má tan ara yín. Àmọ́ kí a tó pọ́ǹpù táyà kankan, a ó kọ orúkọ sórí páálí: ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń fọ ìkòkò, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ tèmi sí ọjọ́ kìíní. Bíró wà lọ́wọ́ mi. Ta ló kàn?