Ẹṣin Tó Wà Lórí Ìso Ń Jẹun

Nínú ìwé tí Leo Africanus kọ parí ní 1526, ìtàn kan wà nípa ọba Borno tí kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ẹṣin. Ọba náà fẹ́ràn ẹṣin. Àwọn oníṣòwò ń dà wọ́n wá bá a láti òdìkejì aṣálẹ̀ Sahara, ó sì ń rà wọ́n ní àwìn. Ẹrú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ni iye owó ẹṣin kan. Nígbà tí kò sì sí ẹrú nílẹ̀, àfi kó lọ jagun kó tó rí nǹkan san. Àwọn olówó á jókòó dè é, oṣù á gorí oṣù, nígbà mìíràn ó di ọdún tó tẹ̀ lé e, torí pé ohun tí ogun tọdún yìí mú wálé kò kájú gbèsè. Ẹṣin ti wà nílé ní tiẹ̀, ó ń jẹ, ó ń mu. Àwọn ará abúlé tí kò bá wọn dé ìdí káràkátà náà ni gbèsè wá já lé lórí.

Àwa ọmọ Okun, Yorùbá ìhà Kàbà, kò ní láti rìn dé Borno kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídà ń ya wọ ilẹ̀ Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Orí òkè olókùúta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa sá gùn, nítorí pé agbára ẹṣin kò ká àpáta. Àwọn ìlú tó túúbá ń san ìṣákọ́lẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń san án. Nígbà tó di January 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company tí George Goldie kó lẹ́yìn gba Kàbà kọjá lọ kọlu Bídà, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àánú wa ló ṣe Goldie o. Ọjà ló ń wá.)

Ẹṣin ogun kì í jagun lójoojúmọ́. Orí ìso ló ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, ó ń jẹ koríko tí ẹlòmíràn gé àti ọkà tí ẹlòmíràn gbìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Láyé ìjọ̀sí, àwa la san án. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ẹṣin gígùn lónìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń fojú wá nìyẹn: ta ló ń san án níbí?

Ọgbà póló ni irú iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ jù ní Nàìjíríà. Lagos Polo Club ti wà láti 1904. Ìbàdàn, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò náà ní tiwọn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Olùtọ́jú ẹṣin, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ òkè ọya, á kó ìgbẹ́ òru jáde, á pọn omi, á wá fara ti ẹ̀gbẹ́ ẹṣin, á fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́ títí ẹṣin á fi gbé pátákò fún un. Á há a sáàárín orúnkún méjèèjì, á fi irin kan tó ṣe kọdọrọ lórí máa wú ẹrẹ̀, ìgbẹ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ jáde, láti gìgísẹ̀ bọ̀ síwájú, á sì máa yẹra fún ibi rírọ̀ tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà á gbé imú sún mọ́ ọn. Bó bá ń rùn, pátákò ti ń jẹrà nìyẹn, ẹṣin yẹn kò sì ní gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ kan nìyẹn. Ó ku mẹ́ta, ẹṣin mìíràn sì tún ń dúró.

Ọ̀tọ̀ ni ojú tí ayé àtijọ́ fi ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, oyè ńlá ni Olókùn-ẹṣin. Lónìí, ẹni tí ẹṣin mọ òórùn rẹ̀, tó mọ èyí tí inú ń run àti èyí tó fẹ́ tàpá, òun ni owó ọwọ́ rẹ̀ kéré jù nínú ọgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ á dé tòun ti àkẹtẹ̀ líle lórí. Wọ́n á ti di gàárì, wọ́n á ti kó ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu. Olùkọ́ á dúró gbagidi láàárín pápá, á di okùn gígùn mú, ẹṣin á máa yí i po. Kọ́mọ náà jókòó ṣánṣán, kó rẹ gìgísẹ̀ sílẹ̀, kó má máa fa ẹnu ẹṣin. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti parí. Bàbá ọmọ á sanwó ìṣẹ́jú 45, á sì máa kùn pé wọ́n gbówó lórí òun.

Wọn ò gbówó lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fowó ṣe é wò. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ lò yìí. Ká ní ₦5,000 ni oúnjẹ ẹṣin kan lójúmọ́: ewé ẹ̀pà gbígbẹ, koríko, ọkà bàbà àti dúsà (èérí ọkà). Omi rẹ̀ nìkan lè kọjá kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan. Tí bàbá ọmọ bá pín ₦5,000 sí wákàtí 24, kò ní í pé ₦210 tí ẹṣin jẹ ní wákàtí kan, ló bá ń bínú. Àmọ́ Sátidé àti Ọjọ́ Àìkú nìkan làwọn ọmọ ń ráyè wá. Bí ẹṣin náà bá gbé ọmọ mẹ́jọ láàárín ọjọ́ méjèèjì, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ ₦35,000 ni wọn ó pín láàárín ara wọn, ₦4,375 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá rọ̀, tó jẹ́ ọmọ méjì ló wá, ó di ₦17,500. A ò tíì dárúkọ owó olùtọ́jú, dókítà ẹran, oògùn aràn, àti ẹni tó ń gé pátákò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọ̀kadà tí kò rí èrò kì í mu bẹntiróòlù. Bí ọ̀kadà ṣe gba ojú pópó nìyẹn.

Láti 2023 ni ìṣirò yìí sì ti le sí i. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí May ọdún náà, owó tí lọ́rì fi ń gbé dúsà wá láti òkè ọya sì fò sókè. Ní June, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 lójú ìwé ìjọba kọjá ₦1,500 ní 2024. Gàárì tó dáa àti ọ̀pọ̀ nínú oògùn ẹṣin, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá.

Báwo wá ni ọgbà póló ṣe ń rọ́gbọ́n dá? Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń san án. Àwọn olówó tó ní ẹṣin níbẹ̀ ń bọ́ ọ bóyá wọ́n gùn ún bóyá wọn ò gùn ún, owó ẹgbẹ́ wọn ló sì gbé ọgbà ró. Lábẹ́ òjìji wọn ni owó ẹ̀kọ́ ọmọ kéékèèké ti rí ibi forí pamọ́ sí.

Ẹ wá lọ sí etíkun Èkó, ní Elegushi tàbí Oniru, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń fa ẹṣin kiri láàárín èrò. Ẹni tó ní òun kàn fẹ́ ya fọ́tò lórí rẹ̀ á ná an títí kò fi ní sí èrè kankan nínú rẹ̀ mọ́. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀ tó ń san owó ọjọ́ Ajé. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ń san án: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lè ka egungun ibẹ̀.

Ní Brixton, ní gúúsù London níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ẹlòmíràn tún ni. Ebony Horse Club bẹ̀rẹ̀ ní 1996 láti fi ẹṣin han àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó rẹ̀, wọ́n sì ṣí ilé ẹṣin tiwọn ní 2011. Ọmọ Peckham kan tó kọ́ ẹṣin níbẹ̀, Khadijah Mellah, gba ipò kìíní nínú eré ìje Magnolia Cup ní Goodwood ní 2019 tòun ti hijab rẹ̀, ọmọ ọdún 18. Ọrẹ àwọn ènìyàn ló gbé ibẹ̀ dúró. Ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin tí kò rí irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ ń kógbá wọlé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti pẹ́ tí British Horse Society ti ń pariwo rẹ̀. Àwọn náà tí ilẹ̀ wọn tutù, tí koríko wọn ń hù láìbẹ̀ ẹnikẹ́ni!

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá bá mi níbí ní Kàbà. Ó ti rí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba 2024 ní Ìjẹ̀bú-Òde, bíi gbogbo ayé, orí rẹ̀ sì ti wú. “Bàbá, ẹṣin méjì péré. Bí Kabba Day bá dé, tí àwọn ará Èkó àti Àbújá wálé, a ó máa kọ́ ọmọ wọn. Ìyàwó á gùn ún lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ní àwọn á yá mi lówó.”

Mo ní, “Ní February ńkọ́?”

“Kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní February, sà?”

“Ẹṣin á jẹun.”

Èlé owó ẹgbẹ́ náà á sì jẹun. Èlé kò mọ ìgbà òjò, kò mọ̀ pé ará Àbújá kò fẹ́ gba ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ajínigbé. Ọmọ náà fẹ́ so ẹnu méjì mọ́lẹ̀ lórí ìso kan ṣoṣo. Mo tún rán an létí eṣinṣin tsetse, tó jẹ́ pé òun pẹ̀lú igbó ni kò jẹ́ kí ẹṣin gbilẹ̀ ní ìhà ibí láyé àtijọ́. Oògùn ti wà báyìí, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń rà á.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa iná rẹ̀. Mo ní kó wo oko ẹ̀pà tó yí wa ká: bí wọ́n bá ti ja ẹ̀pà tán, ewé rẹ̀ a gbẹ dànù, a jóná. Ewé yìí kan náà ni wọ́n ń dì ní ìdì-ìdì tà fún ẹlẹ́ṣin ní òkè ọya. Ìlọrin ní ẹṣin, wọ́n ń gùn ún lẹ́yìn Iléyá. Àbújá ní ọgbà póló. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹṣin, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wá àti ọjọ́ tí kò wá, ọgbọọgba ni lójú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà ní Kàbà níbí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń sá a tí kò fi ní bu.

Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

“Bàbá, ta ló máa ya fọ́tò èèyàn pẹ̀lú ewé ẹ̀pà?”