Ìrókò Abẹ́ Omi

Ẹni tó bá rò pé igi tuntun nìkan ló ń di àga gidi, kí ó lọ wo ohun tí wọ́n ń fi àgbá ọtí ògbólógbòó ṣe nílùú òyìnbó. Òfin Amẹ́ríkà ni pé inú àgbá óákù tuntun tí wọ́n fi iná jó nínú ni wọ́n gbọdọ̀ tọ́jú ọtí bourbon sí. Bí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́tí wisikí ní Scotland. Bó bá gbó tán níbẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà á tú u, á fi pákó rẹ̀ kan àga tí wọ́n ń gbé síta gbangba.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ní Ghana, abẹ́ omi ni irú igi bẹ́ẹ̀ wà. Láàárín ọdún 1961 sí 1965 ni ìjọba Kwame Nkrumah kọ́ dáàmù Akosombo, kí iná mànàmáná lè dé Accra, Tema àti àwọn ìlú mìíràn. Omi Volta kún, ó bo ilẹ̀ tó tó 8,500 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nǹkan bí 80,000 èèyàn ló fi ilé bàbá wọn sílẹ̀. Igbó náà rì, tòun ti ìrókò tí àwọn Akan ń pè ní odum.

Láti ìgbà náà ni kùkùté àwọn igi yìí ti ń mú ọkọ̀ ojú omi dojú dé, tí ẹ̀mí sì ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n igi tí omi bò mọ́lẹ̀ pátápátá kì í tètè jẹrà, nítorí afẹ́fẹ́ kò tó níbẹ̀, ikán kò sì lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e lábẹ́ omi lónìí, tí wọ́n ń là á sí pákó.

Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Bí igi náà bá kàn ń gba èbúté lọ sókè òkun, tí gbẹ́nàgbẹ́nà Accra kò rí i fi kan àga, tí ọmọ ọmọ àwọn tí omi lé nílé kò sì rí iṣẹ́ níbẹ̀, ìyà kan náà ni wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí àwa náà má fi Ghana rẹ́rìn-ín o. Omi Kainji bo Bussa àtijọ́ ní 1968. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ilẹ̀kùn ìrókò bàbá yín dáná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà.