Fídíò ìgbéyàwó dàwátì, n ni wọ́n bá ní àjẹ́ ni: àṣé ádápítọ̀ háàdì díráìfù ló kú!

Díẹ̀ ló kù kí àna méjì fa aṣọ ya mọ́ra wọn lọ́rùn ní Mushin, bẹ́ẹ̀ ohun tó dá wàhálà náà sílẹ̀ kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Ádápítọ̀ ni, ìyẹn dúdú kékeré tí wọ́n máa ń ki bọ ara ògiri kí iná lè dé inú háàdì díráìfù.

Ọkùnrin kan tó ń ya fídíò òde ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó náà fún. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n náwó. Ìyá àgbà tó bí ìyá ìyàwó wà níbẹ̀. Màmá di ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ki í ní oríkì, ó sì wúre fún un títí omi fi ń bọ́ lójú àwọn tó dúró yí wọn ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, màmá gbọ̀nà ọ̀run lọ. Ìgbà tí wọ́n wá gbogbo ilé, kò síbi tí ohùn màmá wà mọ́, àfi inú fídíò yẹn nìkan.

Ẹni tó ya fídíò náà ti kó gbogbo ẹ̀ sínú háàdì díráìfù ńlá kan tó máa ń wà lórí tábìlì ẹ̀. Ìgbà tó kó o síbẹ̀ tán, ó pa ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́, kó lè rí àyè ya òde mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣàṣìṣe. Ohun tí èèyàn ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí kò ní in náà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, iná lọ, ó sì tan jẹnẹrétọ̀. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ni iná dé, làwọn ọmọ àdúgbò bá pariwo, “Ọ́ọ̀pù NEPA!” Ó ti pẹ́ tí kò ti sí NEPA mọ́ o. Ọdún 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ yẹn padà, láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 sì ni iṣẹ́ pínpín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọmọ Èkó ò tíì gbàgbé ẹ̀. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Iná tó yẹ kó jẹ́ fóòtì 230 fò sókè kọjá bẹ́ẹ̀, gílóòbù mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán, ọ̀kan fọ́ pọ́ọ̀, fáànù sì ń sáré bíi kó já bọ́ látòkè. Kí ọkùnrin yìí tó sáré pa gbogbo ẹ̀, ohun tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, ó tan háàdì díráìfù. Iná ara ẹ̀ tàn o, àmọ́ kinní náà ń dún “tìkì, tìkì, tìkì”, á fẹ́ẹ́ gbéra, á tún kú. Kọ̀ǹpútà ò rí i rárá.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó wá gba fídíò. Ìgbà tí ọkùnrin náà ṣàlàyé tán, màmá káwọ́ lérí. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó tí wọn ò fún ní aṣọ ẹbí lásìkò lọ́jọ́ náà ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ariwo fídíò tí wọ́n ń pa yìí, àwọn á rí ẹni tó máa wò ó. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì péré,” ni ẹni tó ya fídíò ń bẹ̀.

Màmá ní, “Mo gbọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí mi ò rí ìyá mi nínú fídíò yẹn, èmi àti obìnrin náà la jọ máa gbé e.”

Bí màmá ṣe jáde, ìyàwó ọkùnrin náà mú ṣájà láàpútọ́ọ̀pù wá, ó ní ẹnu ẹ̀ máa wọlé síbẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni, ó wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ kí wọ́n tó ki í bọ ògiri. “Ọ̀gá, fóòtì 12 ni ti háàdì díráìfù, fóòtì 19 lèyí o!” Ká ní wọ́n tan án bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá jó pátákó inú ẹ̀ mọ́lé, ìṣòro kékeré á wá di ńlá.

N ló bá gbéra, ó di Computer Village, n'Íkẹjà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé tábìlì sẹ́bàá ọ̀nà ló kọ́kọ́ dá a dúró. Kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi ní háàdì díráìfù ti kú, pé àwọn máa tú u, káwọn yọ àwo inú ẹ̀, owó tó sì máa san á tó ra jẹnẹrétọ̀ tuntun. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Àwo inú háàdì díráìfù kò fẹ́ eruku rárá, béèyàn bá ṣí i lójú títì báyìí, ohun tó wà nínú ẹ̀ lè lọ pátápátá.

Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ló gbà á lọ́wọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá bi í ni pé, “Ádápítọ̀ ẹ̀ ńkọ́, ṣé o mú un wá?”

Bàbá fi mítà wọn ádápítọ̀ náà, ó sì gbé fóòtì 12 pérépéré. Ọkùnrin yìí ti ń rò ó pé àjẹ́ náà ni nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bàbá ní kó ṣe sùúrù. Ó so nǹkan tó ń fa iná mọ́ ọn, ó tún wọ̀n ọ́n, n ni fóòtì 12 bá já sí 7. Ó dà bí arúgbó tó jókòó tí ara ẹ̀ le koko, àmọ́ tí kò lè gbé garawa omi. Ìgbà tí mọ́tò háàdì díráìfù bá fẹ́ẹ́ gbéra ló máa ń fa iná jù, ibẹ̀ sì ni ádápítọ̀ tó ti rẹ̀ máa ń dákú sí. Ìdí nìyẹn tí iná ara ẹ̀ fi ń tàn, tó ń dún tìkì-tìkì, tí kò sì ṣiṣẹ́.

Bàbá tú ádápítọ̀ ọ̀hún. Kápásítọ̀ kan nínú ẹ̀ ti wú bí ìka tí agbọ́n ta. Ó ní ooru àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, ti alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kàn parí ẹ̀ ni. Ó mú ádápítọ̀ mìíràn tó jẹ́ fóòtì 12, áńpù 2, ó so ó mọ́ ọn. Háàdì díráìfù ké wìì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo fídíò náà pé síbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà, ẹ fi etí sí ohun tí bàbá náà sọ. Bí háàdì díráìfù bá kú, ẹ kọ́kọ́ fura sí ádápítọ̀ àti wáyà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ ra òmíràn, fóòtì ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sára háàdì díráìfù mu. Ní ti áńpù, ó lè jù ú lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ wo àmì tó ń sọ bóyá àárín ẹnu ẹ̀ ni pọ́sítíìfù wà, nítorí pé ẹnu méjì lè jọra kí iná wọn yàtọ̀.

Àwọn kékeré tí wọn kì í lo ádápítọ̀, ara kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gba fóòtì 5. Bí irú wọn bá ń dún tìkì-tìkì, ẹ pààrọ̀ wáyà ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ojú ihò mìíràn lára kọ̀ǹpútà.

Bí ádápítọ̀ bá dáa tí kò sì tún ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pátákó inú àpótí ẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ lè yọ háàdì díráìfù kúrò nínú àpótí yẹn, kó gbé e sínú òmíràn. Àwọn kan wà tí àpótí wọn máa ń ti ohun tó wà nínú wọn pa. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun fọ́máàtì ẹ̀, ẹ má gbà o! Bẹ́ ẹ bá gbà pẹ́nrẹ́n, ẹ ti fọwọ́ ara yín kó ara yín sí wàhálà.

Lékè gbogbo ẹ̀, ohun tó bá ṣe iyebíye, ẹ fi pa mọ́ síbi méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú èyí tó kù. Bí iná bá sì lọ, ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dé, kó sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún tan nǹkan.

Ọjọ́ kẹta pé, ìyá ìyàwó dé. Wọ́n fi ìyá ẹ̀ hàn án nínú fídíò, bó ṣe ń kíni, bó ṣe ń wúre. Màmá sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tún un gbé padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tó san owó tó kù tán, ó ní kí wọ́n ṣe mẹ́ta fóun. Ọ̀kan ti òun, ọ̀kan ti ìyàwó, ìkẹta, ó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó. Ohun tó ti rò nípa obìnrin náà látọjọ́ Túsìdeè, kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu ẹ̀.